Bí Mo Ṣe Ra Alùpùpù Àgbà fún Ọ̀nà Jíjìn

   

Nígbà tá a pàdé ní London kẹ́yìn, tẹ́ ẹ rí mi tí mo gbé akoto lọ́wọ́, tí mo wọ ẹ̀wù aláwọ bí ẹni tó ń lọ sógun, ọ̀rọ̀ mi ló gba gbogbo ilé kan. Àwọn kan ní ó ti pẹ́ tí orí mi ti ń yí. Àmọ́ àwọn ọmọ ọkùnrin mẹ́ta fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ní, "Ọ́ńkù, èló lẹ rà á? Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé wọn ò ta èyí tó ti bàjẹ́ fún yín?" Ìbéèrè kejì yẹn ni olóòtú wa gbọ́ tó fi ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún gbogbo ilé. Mo gbà, torí pé lójoojúmọ́ ni àwọn ọmọ wa ń ra ọkọ̀ àti ẹ̀rọ àlòkù, a kì í sì í fojú olójú ṣòwò ká jèrè.

Ẹ̀yin àgbà mọ̀ pé ìdílé alágbẹ̀dẹ ni wá. Bàbá tó bí bàbá mi rọ irin títí tí ọwọ́ rẹ̀ ò fi lè gbé òòlù mọ́. Bàbá mi ò rọ irin, olùkọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ní Honda 175 kan tó fẹ́ràn ju agbádá rẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ Sátidé, á tẹ́ àpò ìrẹsì sílẹ̀, á tú ẹ̀rọ náà palẹ̀, á fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Èmi ni mo máa ń to nọ́ọ̀tì àti bóòtù sínú agolo mílíìkì. Lọ́dọọdún, kó tó gbé e sójú títì lẹ́yìn ọdún Ògún, omi tútù ló kọ́kọ́ máa ń ta sí táyà rẹ̀, kó tó wá bu epo àti obì sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mọ Ògún: lára irin tó gbé bàbá mi lọ tó sì gbé e bọ̀.

Ẹ tún mọ ohun kejì tó wà nílé wa. Ní ọdún 2006, àbúrò wa ọkùnrin gun ọ̀kadà lọ síbi iṣẹ́ ní Ìbàdàn, kò padà wálé. Ọ̀nà Ìwó ni. Kò dé akoto, ẹni tó gbé e náà ò dé. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Peckham báyìí ni wọ́n pè kó wá dá òkú rẹ̀ mọ̀. Torí náà, nígbà tí mo sọ fún un lórí fóònù pé mo fẹ́ ra alùpùpù, kò pariwo, kò bú mi. Ó dákẹ́ títí mo fi rò pé fóònù ti já. Ó wá ní, "Ṣé ẹ̀ẹ̀kan tí mo lọ síbẹ̀ yẹn ò tíì tó ọ ni?"

Mi ò rí èsì fún un. "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi," ni mo kàn lè sọ.

Ẹ ó wá bi mí pé kí ló dé tí mi ò fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Bọ́ọ̀sì ni mò ń wà ní Leeds, ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá. Ojú ọ̀nà kan náà ni mò ń tọ̀, àárọ̀ àti alẹ́, èrò lẹ́yìn, aago níwájú. Mo fẹ́ wa ọkọ̀ lọ síbi tí ẹnikẹ́ni ò ní fi aago dè mí. Ọ̀nà kan wà ní àríwá Scotland tí wọ́n ń pè ní North Coast 500: Inverness ló ti bẹ̀rẹ̀, Inverness ló sì parí sí, ó yí etí òkun po, ó lé díẹ̀ ní 500 máìlì. Láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́ nípa rẹ̀ ni ọkàn mi ti wà níbẹ̀. Mo sì ní ẹbí ní Glasgow, mo ní ní Cardiff, mo ní ní London. Mo fẹ́ máa kí wọn.

Mo pe Bàbá nílé. Ó ní kí n fún òun ní ọjọ́ márùn-ún. Nígbà tó pè mí padà, ó ní òun ti bi Ògún, Ògún ò kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ó ka nǹkan mẹ́ta fún mi. Àkọ́kọ́, kí n má ra irin lọ́wọ́ ẹni tó bá purọ́ fún mi, bó ti wù kí irọ́ náà kéré mọ. Ìkejì, kí n má fi ìkánjú rà á. Ìkẹta, tí mo bá ti rà á, n ò gbọdọ̀ gùn ún títí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin á fi tẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun gbà. "Ìwọ lo ni owó," ni Bàbá wí, "àmọ́ kì í ṣe ìwọ nìkan lo ni ara rẹ." Mo ní, "Mo gbọ́, Bàbá." Ẹ̀kẹta yẹn ló wúwo jù.

Ìwé àṣẹ ni mo kọ́kọ́ bójú tó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ fetí sílẹ̀: ìwé àṣẹ ìwakọ̀ Nàìjíríà kò ṣeé lò níbí ju oṣù 12 lọ, ẹ ò sì lè gbé e lọ pààrọ̀, àfi kẹ́ ẹ ṣe ìdánwò látìbẹ̀rẹ̀. Fún alùpùpù ńlá, ẹ ó kọ́kọ́ gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ kan tí wọ́n ń pè ní CBT, lẹ́yìn náà ìdánwò orí kọ̀ǹpútà, lẹ́yìn náà ìdánwò gígùn méjì, ọ̀kan nínú ọgbà, èkejì lójú títì. Ẹni tó bá ti pé ọdún 24 lè ṣe é tààrà fún alùpùpù tó bá wù ú. Alùpùpù ilé ẹ̀kọ́ ni mo fi kọ́ ọ, mo sì yege.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí mò ń wá, torí pé tá a bá pe alùpùpù, ọ̀kadà ló máa ń wá sọ́kàn wa. Ọ̀kadà fúyẹ́, ọmọkùnrin méjì lè gbé e kọjá gọ́tà. Alùpùpù ọ̀nà jíjìn jẹ́ nǹkan mìíràn. Ó ní gíláàsì níwájú tó ń gba afẹ́fẹ́ àti òjò fún ẹni tó gùn ún, ó ní ìjókòó tó fẹ̀, ó ní àpótí méjì lẹ́yìn tí aṣọ ọ̀sẹ̀ kan á wọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò lo ṣéènì. Ọ̀pá irin kan ló ń gbé agbára láti ẹ́ńjìnnì lọ sí táyà ẹ̀yìn, torí náà kò sí ẹni tó ń fa ṣéènì tàbí tó ń kùn ún ní gírísì lójú ọ̀nà.

Mẹ́ta ni wọ́n máa ń dárúkọ jù fún ẹni tí owó rẹ̀ ò pọ̀. Gold Wing 1500 ti Honda, tí wọ́n ṣe láti 1988 dé 2000, ní sílíńdà mẹ́fà, ó sì ní jíà tó ń fà á sẹ́yìn bíi ti mọ́tò, torí pé kò sí ẹni tó lè fẹsẹ̀ tì í. Ìlú Marysville ní ìpínlẹ̀ Ohio, Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti tò ó. BMW R1100RT wá láti Jámánì, sílíńdà rẹ̀ méjì yọ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún àti òsì bí etí àpótí. Ẹ̀kẹta ni Honda ST1100, tí wọ́n ń pè ní Pan European níbí. Ọdún 1990 ló jáde, ọdún 2002 ni èyí tó rọ́pò rẹ̀ dé. Sílíńdà mẹ́rin ló ní, ó wọ̀n tó nǹkan bíi 300 kg, táǹkì rẹ̀ sì ń gba lítà 28. Abẹ́ ìjókòó ni wọ́n gbé epo náà sí kí ẹrù lè wà nísàlẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rọ ọ́ kún, ẹ ó rìn ju 200 máìlì lọ kẹ́ ẹ tó tún rọ òmíràn. Àwọn ọlọ́pàá Britain lò ó gan-an lójú títì ńlá.

Ẹ ó ní kí ló dé tí mi ò ra tuntun. Tuntun irú rẹ̀ ju £15,000 lọ. Èmi ní £2,000, nínú rẹ̀ sì ni owó àtúnṣe wà. Yàtọ̀ sí owó, bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Irin tó ti lo ọdún 25 ní ìtàn, ìtàn náà sì wà lára rẹ̀ fún ẹni tó bá mọ ibi tó yẹ kó wò.

Ẹ̀yin ará London, ohun kan wà tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ kẹ́ ẹ tó náwó lórí alùpùpù àgbà. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2023, gbogbo àdúgbò London pátá ni òfin èéfín tí wọ́n ń pè ní ULEZ ti mú. Alùpùpù tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú oṣù keje ọdún 2007 kì í sábà yege, ẹ ó sì san £12.50 fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ bá gbé e jáde. Ọjọ́ Kérésì nìkan ni wọn kì í gbà á. Èyí tó bá ti lé lọ́dún 40, tí wọ́n sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ bí ọkọ̀ àtijọ́, bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí rèé tí mo fi ń gbé tèmi sí ibùdókọ̀ ojú irin kan lẹ́yìn odi London tí mo bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Ọ̀fẹ́ kọ́ ni ibẹ̀, àmọ́ kò tó £12.50.

Ó yá, ọjà ti bẹ̀rẹ̀. Mo kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ oníṣòwò alùpùpù kan. Ó ní ẹ̀rọ kan tó ń dán bíi gíláàsì, aago rẹ̀ kà 41,000 máìlì. Ṣùgbọ́n ní ìlú yìí, nọ́ńbà ara ọkọ̀ nìkan lẹ nílò kẹ́ ẹ fi rí ìtàn àyẹ̀wò ọdọọdún tí wọ́n ń pè ní MOT lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀fẹ́ ni, ìjọba ló gbé e síbẹ̀, ó sì padà sẹ́yìn dé 2005. Ẹ ó rí iye máìlì tí aago kà lọ́dọọdún, ẹ ó rí ohun tó bàjẹ́, ẹ ó rí ohun tí wọ́n ní kí onílé máa ṣọ́. Mo jókòó sínú ọkọ̀ mi lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù náà, mo tẹ nọ́ńbà rẹ̀. Ní 2014, 61,000 ló kà. Ní 2017, 38,000. Mo padà wọlé, mo bi í. Ó ní bóyá ẹni tó ṣàyẹ̀wò ló kọ ọ́ ṣì. Lọ́dún mẹ́ta léraléra? Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo kọjá lọ. Aago tí wọ́n pààrọ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ó lè bàjẹ́ kí wọ́n fi òmíràn sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá pààrọ̀ rẹ̀ tó sì mọ̀, á sọ.

Ẹ̀ẹ̀kejì, ẹnì kan ń ta alùpùpù Jámánì kan lójúlé rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ lórí fóònù pé kó má tan ẹ́ńjìnnì kí n tó dé. Ẹ fi èyí sọ́kàn: ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná máa ń bo àìsàn mọ́lẹ̀. Èyí tó tutù nini ló ń sọ òótọ́, bóyá á jí kíákíá, bóyá á yọ èéfín búlúù tó fi hàn pé ó ń jẹ òróró, bóyá á máa lu bí ìlù dùndún. Nígbà tí mo dé, mo fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì kí n tó kí i tán. Ó gbóná. Mo ní, "Ṣé ẹ ti tàn án?" Ó ní rárá, oòrùn ló pa á. Ẹ̀yin ẹbí mi, oṣù kẹwàá la wà, ní Yorkshire. Oòrùn wo? Mo ṣì fi ọwọ́ méjèèjì di táyà ẹ̀yìn mú lókè àti nísàlẹ̀, mo mì í, mo sì gbọ́ tó ń kọ́ kọ́ kọ́. Ó ní gbogbo wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bẹ́árìn tó ti jẹ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ irọ́ oòrùn yẹn ló lé mi lọ, kì í ṣe bẹ́árìn. Bẹ́árìn ṣeé pààrọ̀.

Ẹ̀kẹta wà ní Lincolnshire. Bàbá àgbàlagbà kan ló ni ín, òyìnbó, ọdún 79. Honda ST1100 ti 1998. Kí n tó ní mo fẹ́ wá wò ó, ó ti ka àléébù rẹ̀ fún mi lórí fóònù, mo sì ń kọ ọ́ sílẹ̀: ó ti ṣubú sí apá òsì nígbà tó dúró, ojú àpótí ibẹ̀ ti ya, táyà ti gbó, ọ̀pá fọ́ọ̀kì ọ̀tún ń jo díẹ̀, bẹ́líìtì inú ẹ́ńjìnnì ò tíì kúrò níbi tí wọ́n fi í sí ní Japan. Ó ní, "Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ rin ọ̀nà gbọọrọ tán kẹ́ ẹ wá bínú sí mi." Mo rántí Bàbá nílé.

Mo mú ọ̀rẹ́ mi kan dání, ọmọ Jàmáíkà, mẹkáníìkì ní gáréèjì wa, torí òun ni yóò gùn ún wò. Èmi ò gbọdọ̀ gùn ún. Ìwé la kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí wò. V5C ni wọ́n ń pe ìwé ọkọ̀ níbí, ó sì wà ní kíkọ sára rẹ̀ pé kì í ṣe ẹ̀rí ẹni tó ni ọkọ̀. Ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ ló kàn ń fi hàn. Torí náà ẹ béèrè rìsíìtì. Ẹ tún fi nọ́ńbà tó wà lára ìwé wé èyí tí wọ́n tẹ̀ sára irin lọ́rùn férémù, níbi tí hándù ti wọlé. Tí wọ́n bá fi fáìlì ha ibẹ̀, ẹ sá. Ẹ san owó díẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti mọ̀ bóyá wọ́n jí i, bóyá gbèsè wà lórí rẹ̀. Gbèsè ẹlòmíràn lè tẹ̀ lé ọkọ̀ wálé yín.

Lẹ́yìn ìwé, irin. Òtútù ilẹ̀ yìí kọ́ ni ọ̀tá alùpùpù, iyọ̀ ni. Wọ́n ń da iyọ̀ sójú títì nígbà yìnyín, iyọ̀ sì ń jẹ irin bí ikán ṣe ń jẹ igi. Lára irú alùpùpù yìí, apá irin tó di táyà ẹ̀yìn mú ló máa ń kọ́kọ́ dípẹtà, nísàlẹ̀, níbi tí ojú kì í dé. A dùbúlẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Tuntun ni. Bàbá náà wọ gáréèjì rẹ̀, ó gbé ti àtijọ́ jáde, ihò kan wà nínú rẹ̀ tí ìka mi wọ̀ ràkọ̀ràkọ̀. Ó tọ́jú rẹ̀ kí ẹni tó bá ra ẹ̀rọ náà lè fojú ara rẹ̀ rí ìdí tí òun fi pààrọ̀ rẹ̀.

A wo táyà. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó wà lẹ́yìn lẹ́tà DOT: méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn jẹ́ ọdún. Tirẹ̀ kà 4015, ìyẹn ọ̀sẹ̀ 40 ní ọdún 2015. Ojú rẹ̀ ṣì jìn ju 1 mm tí òfin ní kó má kéré sí, àmọ́ rọ́bà tó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ti le bíi pákó, kò ní di ojú ọ̀nà mú nínú òjò. A gbé táyà iwájú sókè, a yí hándù láti ọ̀tún sí òsì. Tó bá ń há láàárín, bẹ́árìn ọrùn ti lọ. Kò há. A fi mítà wọn iná bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́: 14.1. Tí kò bá tó 13.5, ẹ bi í léèrè, torí pé iná tó bá kú sí àríwá Scotland kò ní oníbátìrì nítòsí.

Ẹ́ńjìnnì tutù bí omi àmù. Bàbá náà fa choke, ó tẹ bọ́tìnnì, ó sì jí lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀rẹ́ mi gùn ún fún ìṣẹ́jú ogún. Nígbà tó dé, kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní, "Tí o kò bá rà á, èmi á rà á."

Ohun tó mú mi lọ́kàn jù ni ìwé kékeré kan tó ti gbó létí. Láti 1999 ni bàbá yìí ti ń kọ gbogbo epo tó rọ, ọjọ́ rẹ̀, iye lítà, iye máìlì. Mo fi ìlà díẹ̀ nínú rẹ̀ wé ti MOT lórí fóònù mi. Wọ́n bá ara wọn mu láìyẹ̀. 68,000 máìlì, kò sí ọ̀kan tó sọnù. Mo bi í pé kí ló dé tó fi ń tà á. Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú mi, wọ́n ń gbọ̀n. Ó ní òun kò lè gbé e dúró mọ́.

£1,700 ló kọ́kọ́ pè é. Mo dárúkọ táyà, mo dárúkọ bẹ́líìtì, a jọ parí sí £1,550. Bó ṣe ń kọ rìsíìtì, ó bi mí ohun tí mo máa kọ́kọ́ ṣe. Mo ní nílé wa, a ní òrìṣà irin, a ó fún un ní oúnjẹ kí ẹ̀rọ náà tó jáde. Mo rò pé á rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n bá òun kí i.

Mo háyà ọkọ̀ ẹrù, £90, a fi gbé e dé Leeds. Láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹrin ló fi wà nínú gáréèjì mi, mi ò gùn ún dé ẹnu ọ̀nà. Ọ̀rẹ́ mi àti èmi fi táyà tuntun méjì sí i, a pààrọ̀ bẹ́líìtì, rọ́bà ọ̀pá fọ́ọ̀kì, òróró ẹ́ńjìnnì, omi inú rẹ̀ àti òróró bíréèkì. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ £430, a ò san owó iṣẹ́. Mo ra akoto tuntun, £180. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ lè ra alùpùpù àlòkù, ẹ má ra akoto àlòkù láé. Akoto tó ti já lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lè dára lójú kí inú rẹ̀ ti fọ́. Ìjọba ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní SHARP tó ń fún akoto ní ìràwọ̀ láti 1 dé 5. Ẹ wò ó kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ní gbogbo àsìkò yẹn, mi ò bẹ ẹ̀gbọ́n mi. Mo máa ń pè é lọ́jọ́ Sunday bí mo ti ń ṣe, mo sì máa ń sọ ohun tí mo ṣe fún ẹ̀rọ náà lọ́sẹ̀ yẹn. Kì í dáhùn. Nígbà tó di oṣù kẹta, ó kàn bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Táyà yẹn ńkọ́, ṣé tuntun ni lóòótọ́?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Ó ní, "Ó dáa." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní oṣù kẹrin ó wọ ọkọ̀ ojú irin wá. Kò jókòó, kò mu omi, gáréèjì ló kọrí sí. Ó yí ẹ̀rọ náà po lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó gbé akoto náà, ó tì í sórí ara rẹ̀, ó fi ìka kàn án kọ́ kọ́ láti inú. Ó bọ́ ọ. Ó ní, "Ká ní ó ní irú èyí." Àwa méjèèjì mọ ẹni tó ń sọ. A dúró síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló ka tirẹ̀ fún mi. N ò gbọdọ̀ gùn ún nígbà yìnyín. N ó pè é kí n tó kúrò, n ó sì pè é tí mo bá dé, ìbáà jẹ́ òru. N ó lọ gba ẹ̀kọ́ kún ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ àwọn ọlọ́pàá tó ń ṣe BikeSafe. Àti pé n ò gbọdọ̀ gbé ọmọ ilé wa kankan sẹ́yìn rẹ̀, láéláé. Ọmọ mi obìnrin wà níbẹ̀, ó ti ń retí àtijókòó sẹ́yìn mi láti oṣù kọkànlá. Ojú rẹ̀ bàjẹ́, tèmi náà bàjẹ́. Mo ní, "Mo gbà, ẹ̀gbọ́n mi." Ó ní, "Ó dáa, èmi náà gbà."

Ọjọ́ kejì la bọ Ògún. Òfin ibí ò jẹ́ ká fún un ní ajá, ẹ̀yin náà mọ̀. A fún un ní èsun iṣu, ẹ̀wà èyan, epo pupa, obì àti ọtí. Obì yàn. Mo kí Ògún ní orúkọ bàbá Lincolnshire gẹ́gẹ́ bí mo ti ṣèlérí. Ẹ̀gbọ́n mi ló ta omi tútù sí táyà iwájú àti tẹ̀yìn, ó sì dárúkọ àbúrò wa sí i.

Mo ti dé Inverness, mo ti yí etí òkun náà po, ọjọ́ mẹ́fà ni mo fi ṣe é. Lálaalẹ́ ni mo pè é. Ó máa ń gbé e kí fóònù tó dún lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ bi mí léèrè, èsì mi rèé. Ẹ wo ìwé kẹ́ ẹ tó wo ọ̀dà. Ẹ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì kẹ́ ẹ tó kí onílé tán. Ẹ ka nọ́ńbà ara táyà. Ẹ fi owó àtúnṣe sílẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ fetí sí ẹnu ẹni tó ń tà á: ẹni tó sọ àléébù kékeré fún yín kò ní fi ńlá pa mọ́, ẹni tó sì purọ́ lórí kékeré, ẹ fi í sílẹ̀ fún Ògún. Kẹ́ ẹ tó gùn ún, ẹ wá ẹni tó máa sunkún jù nínú ilé tí nǹkan bá ṣe yín, kẹ́ ẹ sì gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Ògún á máa ṣíwájú wa, á máa tọ̀ wá lẹ́yìn. Irin tá à ń gùn ò ní mu ẹ̀jẹ̀ wa. A ó lọ ire, a ó bọ̀ ire, a ò sì ní rìn ní ọjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Àṣẹ.